Ọmọ Tó Ń Bá Bàbá Rẹ̀ Rántí Ọ̀nà

Àárọ̀ ọjọ́ náà kò yàtọ̀ sí àárọ̀ ọjọ́ mìíràn. Bàbá Rọra ti jí kí ẹnikẹ́ni tó jí, ó ti pọn omi sínú garawa, ó sì ti ń nu gíláàsì iwájú bọ́ọ̀sì ilé-ìwé tó máa ń sùn síwájú ilé wọn. Bọ́ọ̀sì náà ti gbó, ṣùgbọ́n ó mọ́ ju ọkọ̀ tuntun ẹlòmíràn lọ. Láti ọjọ́ tí bàbá yìí ti ń fi kó ọmọ ọlọ́mọ lọ sílé-ìwé, kò tíì fi ha ara mọ́tò kankan rí. "Rọra" ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Bí ọmọ bá ń sáré gun àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì, á ní, "Rọra." Bí awakọ̀ aláìnísùúrù bá já wọ iwájú rẹ̀, kò ní bú u, á kàn ní, "Rọra, ọ̀rẹ́ mi." Ibẹ̀ lorúkọ náà ti mọ́ ọn lára, àwọn òbí kan ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ní òmíràn.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì náà. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn, òun ló ń ka àwọn ọmọ, òun náà ló ń nu imú fún ẹni tí imú rẹ̀ ń dà. Àǹtí Bọ́ọ̀sì làwọn ọmọ ń pè é. Ó ti lé lógójì ọdún, ẹnu rẹ̀ mú, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi àwàdà yẹ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, òun àti bàbá rẹ̀ nìkan ló kù nínú ilé.

Bí bọ́ọ̀sì náà bá ń kọjá láàárọ̀, orin lèèyàn á kọ́kọ́ gbọ́. Àǹtí Bọ́ọ̀sì ló kọ́ àwọn ọmọ:

"Ó dilé epo, ọ̀tún ni ká yà,
Ó dilé alágbẹ̀dẹ, tààrà ni ká lọ,
Bá a bá rí afárá, òsì ló kàn,
Ilé-ìwé wa rèé, ẹ jẹ́ á sọ̀ kalẹ̀!"

Wọ́n á máa pàtẹ́wọ́, wọ́n á máa fẹsẹ̀ janlẹ̀. Orin náà dùn mọ́ àwọn òbí gan-an, àwọn míì gbà á sórí fóònù, wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí ẹbí. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò mọ̀ ni pé kì í ṣe àwọn ọmọ ni Àǹtí Bọ́ọ̀sì tìtorí wọn kọ ọ́.

Ó ti lé lọ́dún kan tó ti bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá rẹ̀ dúró ní oríta ilé epo, oríta tó ti gbà kọjá láìmọye ìgbà, ó yíjú sí i, ó ní, "Níbo là ń lọ?" Ọmọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí ojú bàbá rẹ̀, ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó rọra ní, "Ilé-ìwé ni, Bàbá mi. Ọ̀tún ni." Bàbá yà sọ́tùn-ún, kò sì sẹ́ni tó tún mẹ́nu bà á nínú àwọn méjèèjì.

Nígbà tó yá, ó tún ṣẹlẹ̀. Nílé, bàbá á béèrè ọ̀rọ̀ kan náà títí agara á fi dá èèyàn. Á gbé bàtà rẹ̀ sábẹ́ ibùsùn, á wá pariwo pé wọ́n ti jí òun ní bàtà. Bó bá fẹ́ ní kí wọ́n bá òun mú ife, á wò ó títí, á ní, "Ẹ bá mi mú... nǹkan tí wọ́n fi ń mumi yẹn." Àǹtí Bọ́ọ̀sì á bá a wá orúkọ ife, á bá a wá bàtà. Àmọ́ báwo ni ọmọ ṣe fẹ́ sọ fún bàbá tó kọ́ ìdajì awakọ̀ ìlú níṣẹ́ pé kò mọ̀nà mọ́? Bí wọ́n bá gba bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló kù fún un láyé? Àwọn aládùúgbò á sì máa sọ pé bàbá ti ń ṣarán. Ìyẹn ló ṣe dá orin sílẹ̀. Bí àwọn ọmọ bá ti ń kọrin, bàbá á máa yà síbi tí orin bá ní kó yà sí.

Lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì kan wá yẹ ara àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìwé wò, ó bi bàbá léèrè pé, "Bàbá, oṣù wo la wà yìí?" Kí bàbá tó lanu, ọmọ rẹ̀ ti dáhùn: "Nọ́ọ̀sì, ẹ má da bàbá mi láàmú! Oṣù tí wọn ò tíì sanwó wa la wà." Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ pé ara bàbá le, ó kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó kàn.

Ọgbọ́n ni, àbí? Ọgbọ́n ọ̀hún ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, ibà gbé Àǹtí Bọ́ọ̀sì dè. Ó gbìyànjú láti dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e.

"Bàbá, mi ò lè lọ o."

Bàbá fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. "Ara ẹ gbóná. Sùn, ọmọ mi. Ṣé òní ni mo ti ń wakọ̀ ni?"

Àǹtí Bọ́ọ̀sì mú fóònù, ó fẹ́ pe ọ̀gá ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n kí ló fẹ́ sọ? Pé kí wọ́n má jẹ́ kí Bàbá Rọra wakọ̀? Wọ́n á bi í léèrè ìdí. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó sọ fún ara rẹ̀ pé àwọn ọmọ ṣáà mọ orin náà dáadáa, wọ́n á kọ ọ́. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Òun fi í síbẹ̀, ó sì sùn.

Ìpè ọ̀gá ilé-ìwé ló jí i. "Àǹtí Bọ́ọ̀sì, ibo lẹ wà? Ilé-ìwé ti wọlé tipẹ́, a ò rí bọ́ọ̀sì, a ò rí ọmọ kankan!"

Ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹnu àwọn ọmọ la ti gbọ́ ọ nígbà tó yá. Wọ́n kọrin dé ilé epo, bàbá yà sọ́tùn-ún. Wọ́n kọrin dé ilé alágbẹ̀dẹ, ó lọ tààrà. Nígbà tí wọ́n dé afárá, àwọn òṣìṣẹ́ omi ti gbẹ́ ojú títì, wọ́n ń tún páìpù ṣe, wọ́n fi àgbá dínà apá òsì pátápátá. Àwọn ọmọ kọ ọ́ pé òsì ló kàn. Òsì ò ṣeé gbà. Wọ́n tún un kọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹnu wọn dákẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bàbá jókòó, ó ń wo ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí sítíárì. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ tàn, ó pa jíà dà, ó yà sọ́tùn-ún, ó sì ń lọ.

Ọ̀gá ilé-ìwé pe ọlọ́pàá. Kò pẹ́, Àǹtí Bọ́ọ̀sì bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ wọn, ibà lára, ìnira lọ́kàn, òun àti ọ̀gá ilé-ìwé lẹ́yìn. Ọlọ́pàá obìnrin kan tó jókòó síwájú yíjú sí i.

"Ẹ má bínú, mà. Ṣé bàbá yín ní àìsàn kankan?"

"Rárá" ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ ọ́, ó ti mọ́ ọn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ó ronú kan àwọn ọmọ náà, ẹni tí imú rẹ̀ ń dà, ẹni tó máa ń sùn sí i léjìká, ó sì bú sẹ́kún.

"Ó máa ń gbàgbé ọ̀nà."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti lé lọ́dún kan."

Ọ̀gá ilé-ìwé sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọlọ́pàá náà ní, "Ẹ nujú yín, mà. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Kí bàbá tó máa wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé, níbo ló ti ṣiṣẹ́? Ẹni tí irú èyí bá ń ṣe, ibi àtijọ́ ló sábà máa ń forí lé."

Àǹtí Bọ́ọ̀sì rántí: ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ni, lórí òkè lẹ́yìn ìlú. Nígbà tí bàbá ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, òun ló ń fi ọkọ̀ kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ síbẹ̀. Wọ́n ti ti ibẹ̀ pa láti ìgbà tí Àǹtí Bọ́ọ̀sì ti wà ní kékeré, kò sì sẹ́ni tó tún ń gba ọ̀nà náà.

Ọ̀nà ọ̀hún há, koríko ti bò ó, ọ̀gbun sì wà lápá kan. Awakọ̀ ọlọ́pàá jẹ́ ọ̀dọ́ tára rẹ̀ le, síbẹ̀ òógùn bò ó, ó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti wo ibi tí taya fẹ́ gbà. Ṣùgbọ́n ipa taya bọ́ọ̀sì ńlá náà hàn kedere lórí koríko níwájú wọn, ó tọ́, kò yà síhìn-ín, kò yà sọ́hùn-ún, títí dé òkè. Awakọ̀ náà mi orí, ó ní, "Ta ló wa ọkọ̀ yìí?" Ẹni tí kò mọ̀nà ilé-ìwé mọ́ ni. Ẹ̀rù ń ba Àǹtí Bọ́ọ̀sì, ó sì ń yà á lẹ́nu, kò mọ èyí tó ju èyí lọ.

Wọ́n rí bọ́ọ̀sì náà létí kòtò ńlá tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Ìgbésẹ̀ díẹ̀ ló kù kí taya iwájú bọ́ sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti fi òkúta dí gbogbo taya pinpin, ọkọ̀ náà kò lè sún. Lẹ́yìn àpáta ńlá kan, gbogbo àwọn ọmọ jókòó ní ìlà, wọ́n tẹ orí ba, wọ́n ki ìka bọ etí. Bàbá Rọra dúró níwájú wọn pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, ó gbé ọwọ́ kan sókè.

"Ẹ dúró níbẹ̀!" Ohùn rẹ̀ lágbára, ọmọ rẹ̀ ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. "Wọ́n fẹ́ fi ẹ̀tù fọ́ òkúta! Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kíá!"

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé tòun ti aṣọ funfun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sínú erùpẹ̀. Wọ́n ń retí ìbúgbàù tó ti bú tán láti ayé ìgbà kan. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ẹyẹ kan ké. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, bàbá sọ ọwọ́ kalẹ̀. "Ó ti parí. Ẹ lè dìde. Rọra o, òkúta ibẹ̀ ń yọ̀."

Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì tó wà nínú bọ́ọ̀sì ti yọ̀ ṣubú kí wọ́n tó jókòó, apá rẹ̀ kán. Bàbá ti fa ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ya, ó ti fi igi ti apá náà, ó sì ti dì í dáadáa. Dókítà tó tún un ṣe lọ́jọ́ náà ní òun ò lè dì í jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá yìí ti gbàgbé ẹni tí àwọn ọmọ náà jẹ́, ó ti gbàgbé ibi tó ń kó wọn lọ, ṣùgbọ́n kò gbàgbé pé òun gbọ́dọ̀ ṣọ́ ẹni tó bá wọ ọkọ̀ òun. Ọmọ rẹ̀ dì mọ́ ọn. Ó mọ̀ pé orí ló yọ wọ́n, kì í ṣe ọgbọ́n òun.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n jókòó síwájú dókítà tó ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà, obìnrin tí ohùn rẹ̀ tutù. Ó ti bi bàbá ní ìbéèrè, ó ti ní kó ya aago sórí bébà, ó ti ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n sì ti ya àwòrán orí rẹ̀.

"Àwọn èèyàn ń pè é ní arán," ni dókítà wí. "Àwa ń pè é ní dìmẹ́ńṣíà. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe ọwọ́ ayé, kì í sì í ṣe pé èèyàn kàn dàgbà. Àìsàn ọpọlọ ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ ló kọ́kọ́ máa ń nù. Tàtijọ́ máa ń pẹ́ kó tó kàn án. Ìdí nìyẹn tí bàbá fi mọ ọ̀nà òkè."

"Dókítà, kí ló dé tó jẹ́ bàbá tèmi?"

Dókítà mú bírò, ó fi gbá orí tábìlì: kọ́. Ó dúró díẹ̀, ó tún gbá a: kọ́. Ó tún ṣe é.

"Ẹ gbọ́ o? Báyìí ló ṣe ń mú èèyàn káàkiri ayé. Láàárín gbígbá kan sí èkejì, ẹnì kan ti tún kún wọn. Lọ́dọọdún, ó ń súnmọ́ mílíọ̀nù mẹ́wàá ẹni tuntun." Ó tún gbá a. "Nínú ogún èèyàn tó ti kọjá ọgọ́ta ọdún, ẹ máa rí ẹnì kan, ó kéré tán. Láti bí ọdún márùndínláàádọ́rin lọ, bí ọdún márùn-ún bá ti ń gorí ara wọn, ńṣe ni iye wọn ń di ìlọ́po méjì. Àwọn tó bá ti kọjá ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún ńkọ́? Bí ẹnì kan nínú mẹ́ta."

Àǹtí Bọ́ọ̀sì ṣe háà. Ó ti rò pé ilé àwọn nìkan ni. Ó rántí gbogbo ilé tó wà ládùúgbò, gbogbo fèrèsé tí arúgbó ń jókòó sí.

"Ṣé kò sí oògùn?"

"Kò tíì sí èyí tó ń mú un lọ pátápátá. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tó jọ ọ́, tó ṣeé wò: kí èròjà kan tí ara nílò dín nínú ẹ̀jẹ̀, kí oògùn tí èèyàn ń lò máa dà á láàmú, kí ìbànújẹ́ wọ̀ ọ́ lára. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ tètè wá. Ẹni tó tètè wá, a máa kọ́ ilé rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì wà tó ṣeé dènà tàbí tó ṣeé sún síwájú: kí èèyàn tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà, kó jáwọ́ nínú sìgá, kó máa rìn, kó wá ìtọ́jú fún etí tó bá ń di, kó má dá nìkan jókòó."

Bàbá Rọra wá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì já geere lọ́jọ́ náà.

"Dókítà, mo mọ̀ pé nǹkan ń ṣe mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Mo ń fi pamọ́ fún ọmọ mi ni, mi ò fẹ́ kẹ́rù bà á. Orin tí àwọn ọmọ ń kọ yẹn ni mo fi ń mọ̀nà. Mo rò pé Ọlọ́run ló dìídì fi sí wọn lẹ́nu."

Àǹtí Bọ́ọ̀sì bo ojú rẹ̀. Inú ilé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé, oúnjẹ kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ, bàbá ń fi pamọ́ fún ọmọ, ọmọ ń fi pamọ́ fún bàbá. Ó sunkún títí.

Ọ̀rọ̀ ò parí síbẹ̀. Ilé-ìwé pe ìpàdé òbí, gbọ̀ngàn kún dẹ́nu. Bàbá Ìbejì, ọkùnrin sígbọnlẹ̀ tó ń ta taya, ló kọ́kọ́ dìde.

"Ẹ ò sọ fún wa! Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí wa láràárọ̀, ẹ sì mọ̀! Bó bá jẹ́ pé bọ́ọ̀sì yẹn bọ́ sí kòtò ńkọ́?"

Àwọn èèyàn pariwo pé òótọ́ ló sọ. Àǹtí Bọ́ọ̀sì dìde, ó kúnlẹ̀.

"Òótọ́ lẹ sọ, sà. Mo mọ̀. Kì í ṣe bàbá mi ló ṣẹ̀ yín, èmi ni. Ojú ló tì mí. Mi ò wá bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ fi mí sílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ béèrè. Nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí, ta ló ní bàbá tàbí ìyá, tàbí ìyá àgbà, tó ń béèrè ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, tó ń sọnù lọ́nà tó mọ̀, tí iyè rẹ̀ ń ra, tẹ́ ẹ sì ń bá a bò ó? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ nawọ́ sókè."

Kò sẹ́ni tó mira. Lẹ́yìn náà, obìnrin kan lẹ́yìn pátápátá na ọwọ́, kò gbójú sókè. Ọkùnrin kan na tirẹ̀. Tọkọtaya kan wo ara wọn, àwọn méjèèjì na ọwọ́. Ó wá ń jáde níhìn-ín, ó ń jáde lọ́hùn-ún, títí tí ọ̀gá ilé-ìwé fúnra rẹ̀, lórí pèpéle, fi rọra gbé ọwọ́ sókè, omi sì lé sí i lójú. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀yìn, wọ́n ń wo ẹ̀gbẹ́, ẹnu yà wọ́n. Ẹni tó jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà ò ní gbàgbé bí ọwọ́ ṣe pọ̀ tó.

Ìyẹn ò ní kí ìyà má jẹ ẹni tó jẹ̀bi. Wọ́n dá Àǹtí Bọ́ọ̀sì dúró níṣẹ́, wọ́n gba ìwé ìwakọ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, awakọ̀ mìíràn ló gba kọ́kọ́rọ́. Bàbá sunkún bí ọmọdé lọ́jọ́ tí wọ́n wá wa bọ́ọ̀sì náà lọ, ọmọ rẹ̀ jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ní báyìí, iṣẹ́ aṣọ rírán ni Àǹtí Bọ́ọ̀sì ń ṣe nínú ilé, kó lè wà nítòsí bàbá rẹ̀.

Bàbá Ìbejì ò nawọ́ lọ́jọ́ ìpàdé náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn èèyàn ń tú ká, ó dúró de Àǹtí Bọ́ọ̀sì lẹ́yìn ògiri. Ọkùnrin ńlá náà ò mọ ibi tó máa wò.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀dọ̀ dókítà wo lẹ gbé bàbá lọ?"

"Ṣé kò sí o, sà?"

"Ìyá mi ni." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Lọ́jọ́ kan, ó tan iná ìdáná, ó jáde lọ. A ní àárẹ̀ ni. Òun ló ń bá wa tọ́jú àwọn ìbejì, bí wọ́n bá ti ilé-ìwé dé. Òun nìkan ló máa ń wà pẹ̀lú wọn."

Ìwọ tó ń ka ìtàn yìí, bó o bá ní àgbàlagbà kan tó o ti ń bá dáhùn ìbéèrè tí wọ́n bi í, tó o ti ń bá parọ́ kékeré kí ojú má bàa tì í, o ò tíì ràn án lọ́wọ́. Gbé e lọ sílé ìwòsàn, sì jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Sọ fún ẹbí. Sọ fún ẹni tó gbé ọmọ rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Sọ ọ́ lónìí, kó tó di pé ọlọ́pàá ló máa bi ọ́ léèrè.